Bí A Ṣe Ń Fi Ààlọ́ Ìjàpá Ṣe Kàtúùnù Oníṣẹ́jú Méjì Nínú Yàrá Ẹni

Kàtúùnù àkọ́kọ́ tí mo dáwọ́ lé, ìtàn ogun ni. Ẹṣin méjìlá, ọmọ ogun bí ọgbọ̀n, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Oṣù mẹ́ta ni mo fi yà á, ohun tí mo rí kó jọ kò tó ogójì ìṣẹ́jú àáyá, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ó dùn mí, torí ìtàn náà dára. Ìgbà tí mo tún gbé òmíràn, mo gé e kúrú, mo gba ohùn sílẹ̀ kí n tó ya àwòrán kankan, mo sì wo gbogbo fíìmù náà ní wúruwùru láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n tó ya ibì kan dáadáa. Èyí ló parí. Bí mo ṣe ṣe é ni mo kọ síhìn-ín fún ẹni tó fẹ́ dá ṣe tirẹ̀, láìsí ilé iṣẹ́ tàbí olówó kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó yan ìtàn

Fíréèmù, ìyẹn ààyè àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú fíìmù, 24 ló ń kọjá lójú ẹni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwa tí à ń fọwọ́ yà á kì í ya gbogbo rẹ̀. Àwòrán kan la máa ń fi dí fíréèmù méjì, ìyẹn àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú kì í sì í fura. Ìṣẹ́jú méjì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 120, tí í ṣe àwòrán 1,440. Bí àwòrán kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí 240 nìyẹn. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé, tó rí wákàtí méjì yà sọ́tọ̀ lálaalẹ́, ọjọ́ 120 ni yóò fi ya àwòrán nìkan. Oṣù mẹ́rin. Bí fíìmù yẹn bá jẹ́ oníṣẹ́jú mẹ́wàá bíi tèmi àkọ́kọ́, ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni, láìsí àìsàn, láìsí òde.

Ìtàn wo ló gba ìṣẹ́jú méjì? Ẹ̀dá kan tàbí méjì, ibi méjì, ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀. Ààlọ́ wa kún fún irú rẹ̀. Èyí tí mo mú ni ti Ìjàpá àti àsèjẹ Yánníbo. Yánníbo ń wá ọmọ, Ìjàpá lọ sọ́dọ̀ babaláwo, babaláwo se àsèjẹ fún un pé kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, òun alára kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Lójú ọ̀nà ó fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, ọbẹ̀ ta sí i lọ́wọ́, ó lá a, ó dùn, ó jókòó jẹ ẹ́ tán. Ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ohun tí àwòrán ń ṣe dáadáa ju ènìyàn ẹlẹ́ran ara lọ ló wà níbẹ̀: ikùn tó ń wú lójú ẹni.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ nílé Yánníbo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìkòkò ti wà lórí Ìjàpá, tó ń gba inú igbó kọjá, tí òórùn ọbẹ̀ ń fà á nímú. Ẹ parí rẹ̀ níbi tó ti padà dúró lẹ́nu ọ̀nà babaláwo, ikùn ṣáájú, ara tẹ̀lé e. Ẹni tó gbọ́ ààlọ́ yìí rí yóò mọ ìyókù. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí yóò béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ààlọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan, àmọ́ bí òǹkọ̀wé kan ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, kí ẹ sì tún un pa bó ṣe wá sí yín lọ́kàn.

Ohùn ṣáájú àwòrán

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ya àwòrán tán kó tó wá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ sí i. Fún èdè tiwa, n kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán bá ti há jù, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò máa sáré bá a, ohùn yóò sì máa dojú rú: igbá yóò máa dún bí ìgbà, ọkọ́ bí ọkọ̀. Ọmọ tó ń wò ó nílé yóò wá máa gbọ́ Yorùbá tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ló pa ààlọ́ náà fún mi. Mo kọ́kọ́ gbé ìwé fún un pé kó máa kà á, ohùn rẹ̀ sì le gbagidi bíi ti ẹni tó ń ka ìkéde. Mo gba ìwé náà padà, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á fún àwọn ọmọ yìí." Ọmọ mẹ́ta jókòó síwájú Màmá. Màmá ní "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ dáhùn "Ààlọ̀!", ohun tí mo ń wá sì ti dé. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi pa á. Mo yan ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù láti gba ohùn tó pọ̀, torí gígé rọrùn ju pípe ènìyàn padà lọ.

Fóònù tó mọ́ ohùn gbọ́ díẹ̀ ti tó. Ẹ wá yàrá tí aṣọ kún, ẹ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé, ẹ pa fáànù. Kí fóònù jìnnà sí ẹnu tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má bàa fẹ́ lù ú. Ẹ fi irú fáìlì ohùn tí à ń pè ní WAV gbà á, ẹ má fi MP3. Kí ẹ tó pa á, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí fóònù gba ohùn yàrá lásán. Òun lẹ ó fi dí àlàfo níbi tí ẹ bá ti yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ládùúgbò tèmi, jẹnẹrétọ̀ kì í dákẹ́ títí di aago kan òru, torí náà àwọn ohùn kéékèèké tí mo lè dá gbà, láàárín aago méjì sí mẹ́rin ni mo máa ń jí gbà wọ́n.

Orin ààlọ́ náà ńkọ́? Ẹ kọ tiyín, lílé kan, ègbè kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ìlù rẹ̀ máa bọ́ sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdí rẹ̀ ni pé lílù kan yóò gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn fíréèmù 12, àwòrán mẹ́fà. Ìṣísẹ̀ kan, lílù kan. Bí ẹ bá ti ya ìṣísẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, àwòrán 12 péré, ẹ ti ní ìrìn tí ẹ lè máa yí po títí ọ̀nà yóò fi parí, ẹsẹ̀ Ìjàpá yóò sì máa bọ́ sínú ìlù láìsí wàhálà.

Mo san owó wákàtí méjì fún onígángan kan. Mo ní kó fi ìlù sọ ìkìlọ̀ babaláwo: "Má fẹnu kàn án." Òkè, àárín, àárín, ìsàlẹ̀, òkè. Ìgbà kan ni ẹnu sọ ọ́ nínú fíìmù náà, lẹ́yìn ìyẹn ìlù ló ń wí i ní gbogbo ìgbà tí ojú Ìjàpá bá yà sí ìkòkò. N kò ya babaláwo rárá. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan la rí níbi ìlẹ̀kùn, ní ìparí.

Ẹ wo fíìmù náà kí ẹ tó yà á

Ẹ pín ojú pépà sí àpótí mẹ́fà mẹ́fà, kí ẹ ya ìran kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ kíákíá, ènìyàn igi, òkúta bí ẹyin. Ìran 22 ni tèmi. Ẹ fi fóònù yà wọ́n ní fọ́tò, ẹ tò wọ́n sórí ohùn tí ẹ ti gbà, kí ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó bí ó ṣe yẹ. Animatic ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ó burẹ́wà, kò mira, àmọ́ fíìmù yín nìyẹn, ìṣẹ́jú méjì pérépéré, ẹ sì lè wò ó lónìí.

Ẹ fi han ọmọdé kan, ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun, ojú ọmọ náà ni kí ẹ máa wò. Mo fi tèmi han ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tó dé ibi tí Ìjàpá ti pàdé ẹyẹ kan lójú ọ̀nà, ó yíjú, ó ní òǹgbẹ ń gbẹ òun. Mo yọ ẹyẹ náà. Ìṣẹ́jú àáyá 11 ni, àwòrán 132 tí n bá yà kí n tó mọ̀ pé kò wúlò. Ìpele yìí nìkan ni gígé ti jẹ́ ọ̀fẹ́, torí náà ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ bó bá gba bẹ́ẹ̀.

Bí Ìjàpá yín yóò ṣe rí

Ìlà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yà sí i lára, ẹ ó yà á ní ẹgbẹ̀rún ìgbà ó lé. Ìkarahun ahun máa ń ní abala ńlá 13 lẹ́yìn. Bí ẹ bá ní gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́ yà, abala 13 nínú àwòrán 1,440 jẹ́ 18,720. Ìlà mẹ́ta ni mo fà sẹ́yìn tèmi, kò sì sí ẹni tó pè é ní nǹkan mìíràn. Ẹ tún kun gbogbo ara rẹ̀ ní dúdú wò: bí a bá ṣì mọ̀ pé Ìjàpá ni, tí a sì mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dára.

Aṣọ àdìrẹ àti aṣọ òkè lẹ́wà, àmọ́ àwọn àwòrán ara wọn a máa gbọ̀n rìrì tí a bá ń tún wọn yà ní gbogbo fíréèmù. Ẹ fi wọ́n sí ibi tí kò mira: aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà. Fún àwọ̀, márùn-ún ni mo lò: àwọ̀ aró, pupa osùn, funfun ẹfun, àwọ̀ ilẹ̀, àti ewé tó ti ń gbẹ.

Irinṣẹ́

Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe kàtúùnù, ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni, Grease Pencil inú rẹ̀ sì ń jẹ́ kí a fọwọ́ yàwòrán bí ẹni ń ya sórí pépà. Láptọ́ọ̀pù tó ní RAM 8 GB ń gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ohun ọ̀fẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ gidi: fíìmù Flow tí Gints Zilbalodis, ọmọ ilẹ̀ Latvia, ṣe, Blender ni wọ́n fi ṣe é, ó sì gba Oscar ní 2025. Krita àti OpenToonz náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí fóònù nìkan lẹ ní, áàpù FlipaClip yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún yín.

Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà, pépà gígé ń bẹ. Lotte Reiniger fi sísọ́ọ̀sì àti pépà ṣe fíìmù gígùn kan ní Jámánì, ó jáde ní 1926. Moustapha Alassane, ọmọ ilẹ̀ Niger, ti ṣe kàtúùnù tirẹ̀ ní 1966. Ẹ gé ẹsẹ̀, orí àti ìkarahun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi òwú so wọ́n pọ̀, ẹ gbé fóònù rọ̀ sókè kó dojú kọ tábìlì, kí ẹ máa sún wọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ya fọ́tò. Ẹ ti fèrèsé pa, torí oòrùn ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, fíìmù yín yóò sì máa ṣẹ́jú. Nínú kámẹ́rà fóònù náà, ẹ so bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ àti bó ṣe ń wo nǹkan mọ́ ojú kan, kó má máa dá yí ara rẹ̀ padà. Gílóòbù tó ń lo bátìrì sàn ju ti iná nẹ́pà tó ń lọ sókè sódò.

Ìyàwòrán gan-an

Ẹ má fi ìran àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ yín oṣù kẹrin kò ní rí bíi ti oṣù kìíní, ìran àkọ́kọ́ yìí sì ni ènìyàn fi ń mọ̀ bóyá kí òun dúró wò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, níbi tí Ìjàpá ti ń rìn lásán, kí ẹ ya ìran àkọ́kọ́ kẹ́yìn.

Nínú ìran kọ̀ọ̀kan, àwọn ìdúró pàtàkì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà kí ẹ kún àárín wọn. Ibi tó ti kọsẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni ọkàn fíìmù náà. Ìdúró márùn-ún ni. Ó ń rìn, ìkòkò ló gbójú sókè wò dípò ilẹ̀. Ẹsẹ̀ kan gbòǹgbò, ara ṣì ń lọ. Ara nà gbọọrọ, ìkòkò ti fò kúrò lórí, apá méjèèjì nà tẹ̀lé e. Ó rí i hán, ọbẹ̀ ta sí i lọ́wọ́. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń wo ìka rẹ̀.

Láti ìkejì sí ìkẹta, àwòrán méjì péré ni mo fi sáàárín, kó yá bí ìṣubú ṣe ń yá. Mo dá ìkẹta dúró lófuurufú fún fíréèmù mẹ́fà kí ojú lè rí i. Ìkarùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá méjì gbáko ni mo fún un. Ojú nìkan ló ń mira: ó wo ìka, ó wo ọ̀nà tó ti bọ̀, ó tún wo ìka. Gángan wí tirẹ̀, ó dákẹ́. Àwòrán márùn-ún ni gbogbo ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn gbà mí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó wo fíìmù náà ti ń mí kanlẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan máa mira. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dá yín ronú. A máa ń rí ìrònú nígbà tí ara bá dúró.

Ohun kan tí kì í jẹ́ kí ìmira dà bíi ti ère: àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Kí Ìjàpá tó nọwọ́ síwájú, kó kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Kó tó fò, kó lóṣòó. Ikùn náà bẹ́ẹ̀. Kó má wú lọ tààrà bíi táyà tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Kó wú lórí ègbè orin, kó fà sẹ́yìn díẹ̀, kó tún wú kọjá ti àkọ́kọ́.

Ẹnu ńkọ́? Àwọn àtẹ ìrísí ẹnu tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní ẹnu fún v àti th tí a kò ní, wọn kò sì ní gb tiwa. Mẹ́jọ ni mo yà: a; e pẹ̀lú ẹ; i; o pẹ̀lú ọ; u pẹ̀lú w; ètè pípàdé fún b, m, p àti gb; eyín lórí ètè fún f; ahọ́n sókè fún l, n, d, t. Fáwẹ́lì àránmúpè ń lo ẹnu kan náà pẹ̀lú àìránmúpè rẹ̀. Ẹ fiyè sí ń: nínú "ó ń lọ" ẹnu là díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú "ó ń bọ̀" ètè pàdé, torí m ló ń dún níbẹ̀. Ìgbà tí mo tún èyí ṣe ni Ìjàpá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá. Kí ẹnu ṣáájú ohùn ní fíréèmù kan tàbí méjì; bó bá bọ́ sí ojú kan náà gan-an, ó máa ń jọ pé ẹnu pẹ́.

Kí iná má ba iṣẹ́ jẹ́

Ẹ ṣètò kọ̀ǹpútà kó máa tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ní: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú hard disk, ọ̀kan sí ibòmíràn pátápátá, bóyá orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nílé ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi déètì sórúkọ fáìlì, ẹ má kọ "èyí tó kẹ́yìn", torí ẹ ó tún kọ "èyí tó kẹ́yìn gan-an" lọ́la.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ render, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà kó iṣẹ́ yín jáde, ẹ má sọ ọ́ di fídíò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó jáde ní fọ́tò PNG lọ́kọ̀ọ̀kan, fọ́tò kan fún fíréèmù kan. Bí iná bá lọ ní fíréèmù 900, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ padà láti 901. Bó bá jẹ́ fídíò ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mo ti sunkún lórí èyí rí.

Ariwo kéékèèké, àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀

Ìṣísẹ̀ nínú igbó, ẹ fún ewé gbígbẹ mọ́wọ́. Ikùn tó ń wú, ẹ fi ìka tútù fa ara bàlúùnù. Ìdérí ìkòkò, ìkòkò gidi ni kó jẹ́, kì í ṣe ike. Ẹ tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ láti inú fóònù lásán, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fíìmù, Yorùbá náà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ tó kọ ti èdè mìíràn. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè ẹyọ kan nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, àmì ni kọ̀ǹpútà ń gbé lé lẹ́tà lórí, àwọn fọ́ńtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, mìíràn sì máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Noto Sans àti Charis SIL kò já mi kulẹ̀. Ẹ fi "ọ̀pọ̀lọ́" àti "ẹ̀kẹ́" dán fọ́ńtì yòówù wò, kí ẹ sì wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá.

Kí fíìmù tó jáde

Ẹ kọ àdéhùn sórí pépà pẹ̀lú ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó lùlù: iye tí ẹ san, ibi tí ẹ ó ti lo ohùn wọn, bí orúkọ wọn yóò ṣe hàn ní ìparí. Ojú ìwé kan tó, kí ẹ kà á sí wọn létí ní Yorùbá kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.

Ẹ má tíì gbé e sórí YouTube. Àwọn àjọ̀dún fíìmù kan kì í gba ohun tí gbogbo ayé ti wò, torí náà ẹ ka òfin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ná. Annecy ní ilẹ̀ Faransé ti ń gba kàtúùnù láti 1960, Zagreb ní Croatia láti 1972, FESPACO, àjọ̀dún fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, sì wà ní Ouagadougou ní Burkina Faso láti 1969. Orí ìkànnì FilmFreeway lẹ ó ti rí ọ̀pọ̀ àwọn tó kù. Ẹ wo iye tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí owó kéékèèké yẹn máa ń di ńlá. Ẹ yan márùn-ún tó bá iṣẹ́ yín mu, ẹ fi àádọ́ta tó kù sílẹ̀.

Kí n tó fi tèmi ránṣẹ́ síbì kankan, mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá Màmá. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ibi tí Ìjàpá ti jókòó jẹun, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, torí olè kì í jẹun láìwo ẹ̀yìn. Mo padà sílé, mo ya àwòrán mẹ́jọ sí i.